Ìdánwò Tí Ẹ Kò Lọ Ṣe

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ilẹ̀ Goro ń bá wa pa mọ́,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tí ẹ wà. Ká tiẹ̀ ní ó dé, mo mọ ibi tí ìwé kíkà yín mọ, nítorí èmi ni olùkọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí n kò lè bá alààyè sọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí wọ́n dágbére fún mi ní ilé-ìwé, ọ̀gá kan wá láti Parakou, ó pè mí ní òpó ìmọ̀. Faransé rẹ̀ gùn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣi orúkọ mi pè lẹ́ẹ̀mejì. N kò tún un ṣe. Òpó kì í sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti wolẹ̀, kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu yín.

Lóṣù tó kọjá, ìjì ṣí páànù yàrá yín. A kó ẹrù jáde, mo sì rí àpótí irin tí ẹ gbé bọ̀ láti Nàìjíríà. Akoto iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì yín náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà wá, òórùn epo rọ̀bì kò tíì kúrò lára aṣọ yẹn.

Ṣé ẹ rántí ìkòkò Ìyá? Ẹ ránṣẹ́ sílé pé ìdí epo ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Epo kan ṣoṣo ni Ìyá mọ̀, èyí tí à ń fi se ọbẹ̀. Ó fọ ìkòkò mẹ́ta, ó dojú wọn dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì ń dúró de ọkọ rẹ̀ tó ń bá òyìnbó fún epo pupa. Nígbà tí ẹ dé, ìgò kékeré kan ni ẹ mú wá, ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ó sì ki. Ìyá ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò yín.

"Bàbá ilé, ṣé èyí tó jóná ni wọ́n bù fún yín ni?"

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á mọ́ yín lẹ́nu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ikọ́ yẹn nìyẹn. Mo rò pé ẹ̀rín ló fà á.

Ẹ kì í sọ púpọ̀ nípa ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣà á jọ. Ẹ ní àgbá irin tí wọ́n ń da epo sí tóbi ju mọ́sálásí wa lọ, pé bí wọ́n bá ti fà á gbẹ, ẹ̀yin lẹ máa ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé láti ha ẹrẹ̀ epo tó kù nísàlẹ̀, aṣọ lásán ni ẹ fi ń bo imú. Ẹ ní afẹ́fẹ́ tó ń bá epo jáde látinú ilẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń dáná sun ún lórí ọ̀pá gíga, iná náà kì í kú lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí àwọn adìyẹ ibẹ̀ kò fi mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n wọlé sùn. Nígbà tí ẹ dé, ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi kajú bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ ní ẹ ń mu òkùnkùn. Ta ló tún ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí?

Epo ilẹ̀ yẹn kò fi wá sílẹ̀ o. Ọkọ̀ òkun a gbé e lọ sílẹ̀ òkèèrè, òyìnbó a sè é, wọn a dá a padà fún Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, yóò gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé ọ̀dọ̀ wa, wọn a tò ó sínú ìgò lẹ́bàá títì Tchaourou. Kpayo ni à ń pè é. Bí mo bá rà á sí ọ̀kadà mi láti lọ wo iṣu ní Alafiarou, òórùn yín ni mo ń gbọ́.

Ìwé yẹn wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹ fi ọ̀rá wé e. Èyí tí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ epo yín fi lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ gbé e fún mi, bíìkì ìkọ̀wé méjì ló wà lápò àyà mi, pupa kan, búlúù kan, bí ẹni pé èmi ni olórí CEG, ilé-ìwé girama tí mo ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń sọ pé "èyí ni tábìlì" lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ná ọjà Nàìjíríà wà ní òdìkejì ọ̀nà, ó gbọ́ èdè yẹn dáadáa. Ẹ kò lọ bá a, ẹ ní:

"Kí ni mo wá ń rán ọmọ lọ sílé-ìwé sí?"

Mo wo ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kí mi bí ojúlùmọ̀: examination. Ó jọ examen tiwa. Èyí tó ṣíwájú rẹ̀, chest, n kò mọ̀ ọ́n, mo fò ó. Mo gbójú sókè, mo ní wọ́n fẹ́ kí ẹ padà wá ṣe ìdánwò kí ọdún tó parí.

Ẹ gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi.

"Èmi tí n kò mú pẹ́ńsù rí? Ó dáa. Kọ́ mi."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó mú èédú, ẹ ó máa kọ orúkọ yín sára ògiri: SALIOU. Ẹ kì í kọ U. Ẹ ó ní igbá tí kò ní ọmọrí nìyẹn, ó lè dà nù. Ẹ ó wúkọ́ tán, ẹ ó bi mí bóyá ẹ ti lè lọ.

"Ó ku díẹ̀, Bàbá. Wọn ò ní gbà yín báyìí."

Mo le. Ó dùn mọ́ mi láti le. Ọdún parí, ẹ kò lọ. Ọdún kejì kò parí tí a fi gbẹ́ ilẹ̀ fún yín.

Rúkà, ọmọ-ọmọ yín tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Bétérou, ló bá mi ka ìwé náà lóṣù tó kọjá. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó gbójú sókè.

"Tonton, kì í ṣe ìdánwò o. Àyà Bàbá àgbà ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Dókítà ń dúró dè wọ́n, ọ̀fẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu òyìnbó méjèèjì. Tiwa ló yà wọ́n: ìdánwò lọ́tọ̀, àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ká ní Nàgó tiwa ni wọ́n fi kọ ọ́, n kì bá tí ṣì í kà. Ṣé dókítà yẹn ì bá wò yín sàn? Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ fura sí mi rí, ẹ kàn fi bo ọmọ yín láṣìírí? Gbogbo ọdún iṣẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fo ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, òdo ni mo ń fún un.

Rúkà lọ tán ni mo yí ìwé náà padà. Ẹ ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ yín kún ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀. SALIOU. U wà nínú gbogbo wọn, igbá náà dúró, kò dà nù. Ẹ mọ̀ ọ́n kọ, Bàbá. Ẹ kò fi hàn mí.

Mo mú bíìkì pupa láti máàkì í. Mo ṣí i, mo tún dé e.

Ó dìgbà o, Bàbá mi.

Èmi ọmọ yín, tó ṣe tíṣà yín kó tó mọ̀wé.