Àga Ìyá Rẹ Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé lọ́dọ̀ yín? Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìyẹn lọ.

Obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan ló ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò yá òun ní àga èèyàn wọn kan tó ti kú. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n máa fi wà lábẹ́ igi nínú ọgbà ìgbafẹ́, kí kálukú tó gbé tirẹ̀ padà. Èmi ni káfíńtà wọn. Mo tún mọ́kànlélógójì ṣe, ti ìyá rẹ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. O mọ̀ pé kò gbà kí n tún ẹsẹ̀ tó kúrú yẹn ṣe, bébà ló máa ń ká sábẹ́ rẹ̀. Á ní, "Bó o bá tún un ṣe, kì í ṣe tèmi mọ́." Àwọn èèyàn á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé káfíńtà ni mí, àga ilé mi ń mì.

Lọ́jọ́ kejìlá, ọkùnrin kan dé láti kánsù. Ó ní pàǹtí ni gbogbo rẹ̀, ká kó o kúrò kí aago mẹ́rin ọ̀la tó lù. Pàǹtí! Ó sọ ọ́ bí ẹni mumi. Àwọn tí kò kó ìdọ̀tí àdúgbò wa láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n wá dá pàǹtí mọ̀ lónìí!

Ó fẹ́ kọ àṣẹ náà sílẹ̀, ó wá ibi jókòó, àfi àga ìyá rẹ! Òjò ti gbé bébà abẹ́ rẹ̀ lọ. Àga yẹ̀, ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbálẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, torí bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Mo wá sọ fún un pé, "Ẹ dìde ńbẹ̀. Ẹni tó ni àga yẹn kì í ṣe pàǹtí." Ó kọ àṣẹ náà lórí ìdúró, ó fi ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wọn dé lọ́jọ́ kejì, kálukú ti wà lórí àga èèyàn rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì, tí orúnkún ń dùn, jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun mọ́ ọn. Wọ́n dúró títí, wọ́n ṣẹ́rí padà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Kí wọ́n máa bọ̀, wọ́n á bá wa níbẹ̀!

Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, ti ìyá rẹ; ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ dè. O ò lè wá nígbà tí a sin ìyá rẹ, mi ò sì bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Jọ̀ọ́, wá jókòó.

Ọ̀nà á là fún ọ, o ò ní fẹsẹ̀ kọ, ojú wa á rí ara wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí rẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: má bẹ̀rù pé àga á yẹ̀ mọ́ ọ nídìí. Mo ti ká ìwé ọkùnrin kánsù yẹn sí mẹ́rin, mo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe wẹ́kú.