Ikọ́ Mẹ́ta Inú Orin Baba Moumouni

Àdúgbò Akron,
Àjàṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Ìyá wa àtàtà, Ìyá Yasmina,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí orúnkún yín sì ti yéé ṣe bí ẹni tó ń bá yín jà. Èmi ni Rachidou, ọmọ ọmọ Baba Moumouni aránṣọ. Tántì Yasmina, ọmọ yín, ló fún mi ní àdírẹ́sì yín ní Avrankou. Wọ́n ní ẹ kì í dá tẹlifóònù lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ máa ń ka lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀mejì pàápàá. Mo ti gbìyànjú kí gírámà mi lè fara da kíkà kejì.

Ẹ óò rántí orin Baba tí gbogbo ìlú ń pè ní “Ọ̀sà Kún”, tí wọ́n gbà sórí díìsìkì lọ́dún 1978. “Ọ̀sà kún, mo dúró létí omi,” lẹ́yìn náà ikọ́ mẹ́ta, “bí o bá kọjá, juwọ́ sí mi.” Wọ́n sọ fún wa pé eruku sitúdíò ló wọ Baba lọ́fun. Mo gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ohùn gbígbà ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe.

Àwọn tó tún orin náà kọ kò fojú fo ikọ́ náà. Ẹgbẹ́ olórin Ẹ̀gùn kan ló ṣáájú, lọ́dún 1986. Ọ̀gá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Nàgó, èdè Yorùbá tiwa, ó rò pé ọ̀rọ̀ ni ikọ́ náà, ó sì fi oṣù kan gbáko kọ́ bí Nàgó tòótọ́ ṣe ń wúkọ́. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Sẹ̀lẹ́ kan sọ ọ́ di orin ìyìn, wọ́n fi “Mímọ́, mímọ́, mímọ́” rọ́pò ikọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Baba wa tó jẹ́ Mùsùlùmí gbọ́ ọ, ó ní, “Àwọn yìí sún mọ́ ọn.” Lọ́dún tó kọjá, olóògùn ikọ́ kan fi í polówó ọjà lórí ràdíò. Lẹ́yìn ikọ́ kẹta, ohùn kan á ní, “Ṣíbí méjì láàárọ̀!”

Ìyá àgbà wa, aya Baba, tó ti dolóògbé, ní ìṣe tiwọn. Nígbàkígbà tí díìsìkì náà bá dé ibi ikọ́, wọ́n á gbé omi tútù fún Baba. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ìtọ́jú ni àbí èébú.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin olórin kan tó ń jẹ́ Hanane wá bá wa pé òun fẹ́ tún orin náà kọ, èmi ni yóò sì gbà á sílẹ̀. Ó bi Baba léèrè tààrà: “Baba, kí ló wà lábẹ́ ikọ́ yìí?” Baba ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó pe orúkọ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Orúkọ yín ni, Ìyá. Ikọ́ mẹ́ta, ìró mẹ́ta. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì kí òun tó wọ sitúdíò ni wọ́n gbé yín níyàwó lọ sí Avrankou. Orin ti wà nílẹ̀, orúkọ yín sì wà nínú rẹ̀. “Bí mo bá pè é,” ni Baba wí, “ilé ọkọ rẹ̀ á máa jó sí i, wọ́n á sì máa wò ó.” Mo ní kí ló dé tí Baba kò fi orúkọ mìíràn síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ní kí ó fi òwú pupa rán aṣọ funfun. “Ṣé orúkọ pọ̀ lọ́jà ni?”

Hanane fẹ́ kọ orúkọ náà síta báyìí. Baba kọ̀. Ó ní, “Nígbà tí mo bò ó, n kò bi í. N kò ní ṣí i láì bi í.” Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Bàbá Yasmina ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ ní ọmọ, ẹ ní àna, ẹ sì ní aládùúgbò. Bí ẹ bá ní rárá, ikọ́ yóò dúró. Baba ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kò nílò láti dọ́gbọ́n wú u mọ́.

Mo bi Tántì bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń pè yín ní orúkọ àbísọ yín. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní àwọn tó ń pè yín bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Èmi náà kò lè kọ ọ́ síbí, nítorí ọmọdé kì í la orúkọ àgbà mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, èmi náà ń wúkọ́ ni.

Kí Ọlọ́run mú wa wọ àwẹ̀ yìí tayọ̀tayọ̀, kí ó mú wa jáde nínú rẹ̀ tìleratìlera. Kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ẹ má ṣe rí ibi ọmọ.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín, bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀,
Rachidou.

Àfikún: Baba ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní gírámà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ìlà ìsàlẹ̀ yìí.

Kouboura, ṣé àlàáfíà ni?