Kòkòrò Tí Úúdì Ń Pa

Ọjọ́ Ajé, 10 Jánúárì 1977. Ẹ̀gbẹ́dá.

Kábíyèsí tún fi òróró úúdì, lọ́fínńdà àwọn Lárúbáwá, pa egbò rẹ̀ lónìí. (Kábíyèsí: Àlàájì Jàfárù, onílé mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Bàtà ló gé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ ní Mínà ìtòsí Mẹ́kà, lásìkò Hájì. Ó ti lé lóṣù kan, kò jinná. Òórùn úúdì gba gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ — ó dà bí oyin, ó tún dà bí awọ tuntun. Àlàájà Hàbíbátù, ìyàwó rẹ̀, ń bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí ọsibítù. Ó kọ̀. Ó ní ojú ọgbẹ́ igi ni úúdì ti ń sun. Ohun tó wo igi sàn á wo èèyàn sàn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo tọrọ díẹ̀, kí n lọ dán an wò ní yàrá sáyẹ́ǹsì iléèwé wa. Ó ní, "Tíṣà, ohun tó o bá rí ni màá tẹ̀ lé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11.

Òótọ́ ni bàbá yìí sọ o. Ìwé kẹ́mísìrì ní igi náà kì í ní òórùn kankan, àfi tó bá fara gbọgbẹ́, tí ebu, irú èyí tó ń bo búrẹ́dì, sì wọ ojú ọgbẹ́ náà. Ìgbà náà ni oje dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Kábọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló so kọ́ra nínú ọ̀pọ̀ èròjà rẹ̀. Mo kán an sómi — ó léfòó. Mo kán an sí sípíríìtì — ó yòrò. Mi ò fẹ́ lọ sílé.

Ọjọ́rú, 12.

Se omi ẹran. Dì í bíi jẹ́lì sínú àwo. Fi òwú nu ihò imú ara mi, fi ra ojú àwo, kí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè hù — imú ta ni ǹ bá lò? Bébà róbótó méjì: ọ̀kan ní úúdì tí mo fi sípíríìtì yọ́, èkejì ní sípíríìtì lásán. Mo jẹ́ kí méjèèjì gbẹ kí n tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú àwo, kí n má baà yin úúdì fún iṣẹ́ sípíríìtì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14.

Ó pa á! Kòkòrò hù bo àwo, àmọ́ àyíká bébà úúdì mọ́ rekete. Sípíríìtì lásán ò ṣe nǹkan kan. Mo gbé àwo lọ bá Kábíyèsí. Ó wò ó títí, ó pe Àlàájà kó wá wò, kó má sì dárúkọ ọsibítù mọ́. Àlàájà wojú mi. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15.

Gbogbo ilé wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo FESTAC. Èmi ń wo àwo.

Ọjọ́rú, 19.

Àlàájà sá aṣọ tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ Kábíyèsí. Àbàwọ́n aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀, fífọ̀ ò mú un kúrò. Kòkòrò imú mi kò ní àwọ̀ ewé. Òun ni úúdì pa — ta ló sọ fún mi pé òun náà ló wà lẹ́sẹ̀ Kábíyèsí? Mo lọ tọrọ ọyún rẹ̀ sórí òwú, láti fi ra àwo tuntun mẹ́ta. Ó na ẹsẹ̀ fún mi, ó ní Tíṣà ti di wolé-wolé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21.

Kòkòrò hù wọ abẹ́ bébà úúdì. Àwo di àwọ̀ ewé. Èkejì, ìkẹta, bákan náà.

Mo sọ fún Kábíyèsí. Kò jiyàn. Ó ní òun ti sọ pé ohun tí mo bá rí lòún máa tẹ̀ lé. Ó dé fìlà, a wá mọ́tò lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ Ajé, 24.

Wọ́n gé ọmọ ìka méjì. Dókítà ní ká ní ó dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni, abẹ́rẹ́ nìkan ì bá tó. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kábíyèsí ló ń bi mí bóyá kòkòrò aláwọ̀ ewé yẹn ní orúkọ. Àlàájà ń kó abọ́ oúnjẹ. Ó ní, "Tíṣà, ẹlẹ́sẹ̀ wà nílé, imú lo lọ ń bi léèrè." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.