Omi Zamzam Hafiz

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Àdúgbò Alabar,
                                        Kumasi.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 2025.

Sàbírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tiwa le, alhamdulillahi, ojú nìkan ló ń tì wá.

O mọ Hafiz àbúrò mi, awakọ̀ tírótìró, bọ́ọ̀sì akérò ìhín. Ní oṣù Keje, ó mutí yó, ó sì wa ọkọ̀ wọ inú ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo wọn níbí. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú. Adájọ́ gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó ní kó lo oṣù mẹ́ta nílé ìtọ́jú àwọn ọ̀mùtí. Bó bá jáde, kó máa padà lọ gbàtọ́jú ní gbogbo Alámísì. Bó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ̀wọ̀n ni.

Bàbá Hàbíbùlláhì, olórí ẹbí wa, wá kéde ní mọ́ṣáláṣí pé Hafiz lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà. Úmúrà oṣù mẹ́ta! Wọ́n ní ọmọ Mùsùlùmí kì í mutí. Bàbá yìí kan náà, ìgò bítàsì kì í kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Oògùn ẹ̀yìn ni, wọn ò pè é lọ́tí. Ẹ̀yìn ọ̀hún sì ń ro wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Nígbà tí Hafiz dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, èrò wọ́ wá béèrè omi zamzam. Bàbá ní kí n rọ omi inú ọ̀rá sínú ìgò kéékèèké. Èmi ọ̀dájú, mo rọ ọ́. Kò pẹ́ tí Ìyá Hùdà aládùúgbò wa fi ń pariwo pé orúnkún òun ti jinná.

Alámísì dé, àlejò kò tíì tán. Bàbá ní Hafiz kò gbọdọ̀ jáde, kí àṣírí má baà tú. Mo sì mọ̀ pé bí kò bá lọ, bí ẹ̀wọ̀n kò bá gbé e, ọtí á gbé e. Ni Hafiz bá dìde láàárín àlejò:

"Mepa mo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Mi ò dé Mẹ́kà. Àìsàn ọtí ni wọ́n ń wò fún mi. Ẹ jẹ́ n máa lọ, àkókò ti tó."

Ó sì lọ. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún. Tiwa kò pé oṣù mẹ́rin. Bàbá bú u títí ohùn wọn fi há. Ìyá Hùdà tún bẹ̀rẹ̀ sí tiro. Èmi ń sunkún, inú mi sì ń dùn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá pè mí sí kọ̀rọ̀. Mo rò pé èébú tèmi ló kù.

"Kàúsárà," wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, "ibi tí Hafiz ń lọ yẹn, ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà?"

Àná Alámísì, àwọn méjèèjì jọ wọkọ̀. Bàbá sọ fún gbogbo ilé pé ńṣe làwọn ń sin Hafiz lọ, kó má baà ṣìnà.

Bá mi kí ìyá wa àti Tòyíbàt ọmọ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní rọ omi sígò mọ́,
Kàúsárà.