Ẹ̀rọ Amúlétutù Ilé Ìyá Ìyàwó Rẹ

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí àkàbà, kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí o tó kà á. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú ìnáwó ilé. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Iná mànàmáná kò ní gbé ọ, àwọn tí o ń bá tún ẹ̀rọ ṣe yóò sì máa sanwó kí wọ́n tó dúpẹ́. Èmi náà wà, àfi orúnkún. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, nítorí bí mo bá ti kí ọ tán, wàá ní o máa pè mí padà, èmi á sì gbé fóònù lé itan títí oorun á fi gbé mi lọ.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Káfíńtà ti kan páànù ẹ̀yìn ilé tó ń jò, ó ti wá ń jò níbòmíràn. Àbúrò bàbá rẹ ṣì ń bínú sí gbogbo èèyàn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí a ṣe fún un. Ooru ọdún yìí ni kò ṣeé fẹnu sọ, òun ló sì gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó rẹ. Mi ò jowú o, kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó kà á síwájú.

O mọ̀ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé wọn. Látìgbà tí o ti ra ẹ̀rọ amúlétutù fún un ni àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní Màmá Onítútù, ó sì ń jẹ́ ẹ. Tẹ́lẹ̀, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń jókòó síta, tí a ó máa fi páálí fẹ́ ara wa. Ní báyìí, ó ní kí n wọlé wá gbatẹ́gùn. Mo wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa ìborùn bo èjìká. Níbi tí gbogbo ayé ti ń làágùn, àna wa ń wá ohun tí yóò fi bora. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bùláńkẹ́ẹ̀tì lo rà fún mi lọ́dún tó kọjá. O ra òtútù fún òun, o wá ra ohun tí wọ́n fi ń lé òtútù fún èmi. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá ẹni ńkọ́?

Ó mú nǹkan pélébé tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, ó ní kí n wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀, mẹ́rìndínlógún. Mo bi í pé mélòó ló lè dé, ó ní ó lè dé ọgbọ̀n. Inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ó dáa, ọmọ mi bù fún un ní nǹkan bí ìdajì, ó fi ìyókù pamọ́ fún ìyá tó bí i. Àna wa rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní mẹ́rìndínlógún ló tutù ju ọgbọ̀n lọ. Mi ò bá a jiyàn, nítorí inú ilé rẹ̀ ni mo wà, ṣùgbọ́n èmi náà mọ òǹkà. Lọ́jọ́ tí o bá ra tèmi, ọgbọ̀n ni kí o fi sí.

Èyí tó dùn mí jù ni àpótí tó wà níta. Ara ògiri tó kọjú sí àgbàlá wa lo gbé e kọ́, ó sì ń mí sórí àga tí mo máa ń jókòó sí. Mo gbé ọwọ́ sí i, ooru gidi ni. Ó wá yé mi pé gbogbo ooru tí o ń kó kúrò ní yàrá ìyá ìyàwó rẹ, ọ̀dọ̀ mi lo ń dà á sí. Kódà omi tó ń kán láti ẹnu páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí mo gbé korobá sí láti fi fọ aṣọ, àna wa ní omi ẹ̀rọ òun ni. Mo ní ta ló bí ẹni tó so ẹ̀rọ náà kọ́?

Ni mo bá mú bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn, mo fi bo àpótí náà, mo sì fi okùn dì í dáadáa, kí ooru oníkálukú lè máa gbé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà hó, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Àna wa pè ọ́ lórí fóònù. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn o. Ní àárọ̀ Sátidé mo gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ, ìwọ tí o sọ fún mi nígbà tí mo pè ọ́ nítorí orúnkún pé iṣẹ́ ti mù ọ́ dé ọrùn.

Láti orí àkàbà lágbàlá tiwọn lo ti tú bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, o ní ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí, pé bí ẹni dí i nímú ni. O tú ara rẹ̀, o fẹ́ eruku inú rẹ̀, o yọ àsẹ́ rẹ̀, o sì rọra fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. O yẹ gáàsì rẹ̀ wò. O gbé etí lé e, o bi àna wa pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún báyẹn. Orí ògiri ni mo ti ń wò ọ́. Orúnkún mi náà ń dún, ọmọ mi. Nígbà tí o dé ọ̀dọ̀ mi, o ò jókòó, o ní ilẹ̀ á ṣú, o fi owó lé mi lọ́wọ́, o sì lọ.

Ó dáa, mo ń jowú. Mo ń jowú ìyá ìyàwó rẹ, mo sì ń jowú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ tí o sọ fún un pé oṣooṣù ni kí wọ́n máa fọ àsẹ́ yẹn, pé bó bá ti dún ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó pè ọ́, o máa wá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Nítorí náà mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fíríìjì ṣe ní ìkóríta. Ó ní oríṣi méjì ló wà lọ́dọ̀ òun. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, kì í jẹ iná, ó ní bí wọ́n bá ti so ó kọ́, èèyàn á gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ìkejì, ọ́fíìsì kan ló tú u dànù. Ó ń gbọ̀n, gáàsì rẹ̀ ń jò, kò sì lè pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bàjẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dán an wò.

Owó ìkejì yẹn ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bí o bá ti fi ránṣẹ́, wá so ó kọ́ fúnra rẹ. Mi ò ní máa tàn án púpọ̀, ara mi kì í gba òtútù. Kí ó ṣáà ti máa bàjẹ́.

Ọlọ́run á bù sí i fún ọ, ilé rẹ á tòrò, àwọn ọmọ rẹ á yàn, wọ́n á yanjú. Bí o bá sì darúgbó, o ò ní máa ti orí ògiri wo ọmọ tí o bí nínú ilé onílé.

Èmi ni, ìyá rẹ.