Ọwọ́ Mi àti Àlùmọ́gàjí Fàrídà

                                        14, Pópó Àgùdà,
                                        Lagos Island, Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 2025.

Àlímọ̀t, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Mi ò gba ìmọ̀ràn. Bí ìmọ̀ràn bá ti ń yún ẹ lẹ́nu, gbé e mì.

O kú ààwẹ̀ o. Ṣé orúnkún ẹ ti rọ̀ díẹ̀? Abdulmujeeb ọmọ ẹ ńkọ́, àti ìyàwó ẹ̀? Ṣé ooru Ìkòròdú ò pọ̀ jù fáwọn ọmọ? Àwa náà ń gba Lẹ́ńtì bọ̀, ara le. Mi ò pè ẹ́ lórí fóònù torí wàá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

O mọ̀ pé Christabel ló ń darí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wa láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú. Ó ní òun fẹ́ mọ bí iṣẹ́ kálukú wa ṣe rí lójú gbogbo ẹni tó yí i ká. Ó bi àwọn ọmọ iṣẹ́, ó bi oníbàárà, ó bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ka tèmi sí mi létí.

Ẹnì kan ní mo máa ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Oníbàárà kan ní aṣọ òun kì í tètè jáde, torí èmi nìkan ló ń gé aṣọ, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ẹlòmíì ní bó bá rẹ̀ mí lónìí, ṣọ́ọ̀bù tì nìyẹn.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, mo ti ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ."

"Èmi ni mo kọ́ ìyá ẹ bí wọ́n ṣe ń lo téèpù!"

"Mo mọ̀, Mà. Ta lẹ wá kọ́ lẹ́yìn wọn?"

Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé. Mo ní wọ́n dìtẹ̀ mọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà ò mọ ọmọ iṣẹ́. Báwo ni irọ́ wọn ṣe wá rí bákan náà?

Lánàá, mo ní n ó fi irọ́ wọn dójú tì wọ́n. Mo tẹ́ àrán pupa ti ọ̀gá akọrin síwájú Fàrídà, ọmọ iṣẹ́ mi tó pẹ́ jù, mo fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́.

"Mà, ṣé kì í ṣe pé inú ń bí yín?"

"Gé e jàre!"

Jeremy tó ń lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù dání, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ náà ń gé e lọ, ojú ẹ̀ ò kúrò lórí ìlà. Ó ń gé e dáadáa, Àlímọ̀t. Kó tó dé abíyá, mo rí àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ara mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbà á. Fàrídà kàn ń wo ọwọ́ ẹ̀ tó ṣófo.

Christabel rí i. Ó ní kí n fún òun lésì lọ́jọ́ Ẹtì yìí: kí n kọ́ Fàrídà ní gígé, àbí kí n gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀, kí n máa sinmi nílé. Èmi! Sinmi!

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dùn nínú gbogbo ohun tó kà. Ẹni tó sọ ọ́ fi Alhamdulillah bẹ̀rẹ̀, ó ní kò sí irú mi, ó fi àdúrà parí. Ìwọ nìyẹn. Tábìlì kan náà la jọ lò, o sì rí ohun tí wọ́n rí.

Rántí ọ̀sẹ̀ fíríìdọ̀mù ẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́. Gbogbo èèyàn ń yìn ẹ́. Èmi nìkan ni mo sọ pé kọ́là aṣọ tó o rán wọ́. O sunkún, o tú u, o tún un rán. O ní o jẹ mí ní gbèsè òótọ́ kan. Mi ò sìn ẹ́ ní gbèsè náà rí. Ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí ìpàkọ́ ẹni, ìwọ lo sì pẹ́ lẹ́yìn mi jù.

Bá mi kí Abdulmujeeb, kí ìyàwó ẹ̀, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Jeremy ló mú ìwé yìí wá. Yóò dúró gba èsì.

San gbèsè mi.

Èmi náà ni, tìẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú,
Kíkẹ́lọmọ