Wáyà Méjì Nínú Kòtò Kan

Bàbá mi,

Ẹ má dààmú, ara mi le. Yìnyín níkan ló pọ̀ níbí.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí wáyà tó ń gbé àṣẹ fún ẹ̀rọ jẹ́ méjì, kí ọ̀nà wọn yàtọ̀, torí ọjọ́ tí ọ̀kan bá já. Àmọ́ ilẹ̀ dì bí òkúta, Eskil ọmọ àdúgbò wa sì ní, "Ọ̀gá, kòtò kan tó. Àbí wàá fi eyín gbẹ́ ìkejì?" Mo rẹ́rìn-ín, mo buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n gbẹ́ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, katakata tó ń gbẹ́lẹ̀ gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ bọ́tìnnì títí, ẹ̀rọ tó ń ṣe pépà níléeṣẹ́ wa ò dúró. Eskil ló wà nídìí ẹ̀, ó sì fà á wọlé.

Mo ń jẹun, mo ń sùn dáadáa.

Ẹ bá mi kí ìyá Eskil. Ẹ má tíì sọ fún wọn pé èmi ni mo buwọ́ lu ìwé.

Ragnhild